Àrọ̀ Tó Ń Jẹ Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí. Láti Ìlá-Ọ̀ràngún títí dé Òkè-Ìlá, ẹni tó bá ní kànga àti àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè ra táńkì onírọ́bà, kí ó kó ọmọ àrọ̀ sínú rẹ̀. Bí màmá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ẹja 300 ló rà, inú omi yẹn ló sì ti ń retí owó ilé-ìwé èmi àti àbúrò mi.

Kò pẹ́ tí orí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Orí lásán, kò sí ara. Àwọn kan nínú ilé ní ológbò ni, àwọn kan ní ẹyẹ ni. Bàbá àgbà kan ládùúgbò, tó ti pẹ́ nídìí ẹja sínsìn, wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, olè tó ń jà yín kò ti ìta wá. Inú táńkì ló ń sùn."

Òótọ́ ni. Àrọ̀ a máa jẹ ara wọn. Wọn ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá kan, kí wọ́n sì jáde nínú ẹyin lọ́jọ́ kan náà, àwọn kan á yára tóbi ju ìyókù lọ. Ṣútà ni àwọn tó ń sin ẹja ń pe irú wọn. Nígbà tí ṣútà ṣì kéré, ìrù ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kì bọ ẹnu, á gbé e mì dé ọrùn, á sì gé orí dànù. Bó bá dàgbà sí i, odindi ló ń gbé mì. Ẹ ò ní rí òkú kankan; iye ẹja yóò kàn máa dín kù ni.

Bí a ṣe mú wọn nìyí. A kò fún wọn lóúnjẹ láti ìrọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, a fa omi táńkì sílẹ̀, a fi àwọ̀n kó ẹja sínú ràbà tí a dá ihò sí nídìí. Àwọn kéékèèké gba ihò bọ́ sínú omi ìsàlẹ̀, àwọn ṣútà há sókè. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ mú wọn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ara wọn ń yọ̀, ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń gúnni. Nígbà tí a kà wọ́n tán, 241 ló kù. Ṣútà 12 ló wà nínú wọn.

Àbúrò mi ní ká lù wọ́n pa. Màmá mi kọ̀. Ó ní, "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣé wọ́n mọ̀ pé ọmọ ìyá àwọn ni?" Ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀mù lọ́tọ̀, torí ẹja tó dọ́gba kò lè gbé ara wọn mì. Láti ìgbà náà, bí oúnjẹ ẹja ti wọ́n tó, kì í fi ebi pa wọ́n mọ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la sì ń ṣà wọ́n.

Àwọn 12 yẹn ló kọ́kọ́ tó tà. Owó wọn la fi ra oúnjẹ fún àwọn tí wọn ò rí jẹ.