Orúkọ Méjì Tí Hou Ji Jẹ́

Hou Ji, Olúwa Ọkà Jéró, ni ìdílé ọba Zhou ní ilẹ̀ Ṣáínà kà sí baba ńlá wọn. Sima Qian, òpìtàn tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 100 ṣáájú ìbí Krístì, kọ ọ́ pé Jiang Yuan, ìyá Hou Ji, tẹ ipasẹ̀ ràbàtà kan nínú pápá, ó sì lóyún. Ó ka ọmọ tó bí sí àmì ibi, ló bá gbé e sí ojú ọ̀nà tóóró, àmọ́ ẹṣin àti màlúù ń yà fún un. Ó gbé e lọ sínú igbó, ó bá èrò níbẹ̀. Ó tún tẹ́ ẹ sórí omi dídì, àwọn ẹyẹ fi ìyẹ́ bò ó. Ìyá rẹ̀ wá gbé e padà wálé, ó sì sọ ọ́ ní Qi, ìyẹn Ẹni-Ìkọ̀sílẹ̀.

Lójú tèmi, ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ìtẹ́ ni ìtàn yìí. Zhou ló ṣẹ́gun ìdílé ọba Shang ní nǹkan bí ọdún 1046 ṣáájú ìbí Krístì, tí wọ́n sì ń sọ pé Ọ̀run ló gba àṣẹ lọ́wọ́ Shang tó fi lé àwọn lọ́wọ́. Irú ìran bẹ́ẹ̀ nílò baba ńlá tí Ọ̀run ti dáàbò bò kí ènìyàn tó gbà á. Ẹnìkan lè ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, pé bí ìkọ̀sílẹ̀ kò bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò pe ọmọ ní Qi? Ṣùgbọ́n orin ìbí Hou Ji tó wà nínú Shijing, ìwé orin àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, tó ti pẹ́ ṣáájú Sima Qian, sọ ti ọ̀nà, igbó àti omi dídì láìdárúkọ Qi rárá. Ìtàn náà ti dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ láìsí orúkọ yẹn.

Kí wá ni Qi wúlò fún? Zuozhuan, ìwé ìtàn àtijọ́ kan, dáhùn: oyè ni Ji tó wà nínú Hou Ji, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Zhu ti jẹ ẹ́ rí, wọ́n sì bọ Zhu kí wọ́n tó máa bọ Qi. Nínú ìsìn Zhou, oyè nìkan tó. Nínú ìtàn gbogbo ilẹ̀ náà, orúkọ àbísọ ló ya Ji ti Zhou sọ́tọ̀ kúrò lára Zhu. Nítorí náà, kí òǹkàwé má ṣe jà lórí bóyá ẹyẹ bo ọmọ náà lóòótọ́; kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìtàn ìbí bẹ́ẹ̀ ṣe fún àwọn tó ń jọba lórúkọ rẹ̀.