Ilé Arúgbó Tí Kò Ní Pátákó

Bí ẹnì kan bá béèrè ibi tí ilé ìtọ́jú arúgbó wà l'Ékòó, Yábàá ni wọ́n máa kọ́kọ́ júwe fún un, níbi tí ti ìjọba wà, tàbí Regina Mundi ti àwọn Àgùdà ní Mushin. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó. Bẹ́ẹ̀ ilé arúgbó kún Alímọ̀ṣọ́ fọ́fọ́; wọn kàn ò gbé pátákó síta ni. Ilé tí bàbá fowó iṣẹ́ ìjọba kọ́, tí bàbá ti kú, tí àwọn ọmọ ti gba London àti Kánádà lọ, tó wá ku ìyá àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí éjẹ́ǹtì mú wá. Owó ń wọlé lóṣooṣù. Géètì wà ní títì.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa, torí ìyá tó wà níbẹ̀ àti ìyá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú lọmọ wọn obìnrin máa ń pè lórí WhatsApp. Kó tó pè, ọmọ ọ̀dọ̀ á ti fi ìpara pa Màmá lára, á wọ bùbá fún wọn, á wé gèlè lé e, á gbé wọn jókòó sórí àga. "Màmá, ẹ mà rẹwà o!" Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóònù kì í gbé òórùn, kì í sì í yí èèyàn padà wo ìdí. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń dá síni lára wà ní bèbè ìdí Màmá, ó fẹ̀ tó ẹnu ife. Omi tí wọ́n ń fún wọn mu náà ti dín kù: bí wọ́n bá mu, wọ́n á tọ̀, bí wọ́n bá tọ̀, pámpásì á tètè tán.

Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ò nà wọ́n rí o. Kì í ṣèèyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé ó yẹ kí wọ́n máa yí ẹni tí kò lè dìde padà ní wákàtí méjì-méjì, òun nìkan ló sì ń ṣe é, tọ̀sán tòru, láìsí ọjọ́ ìsinmi.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé iṣẹ́ yìí gan-an lọmọ Màmá ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù Kejì ọdún 2022 ni wọ́n ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó, àwọn èèyàn wa sì rọ́ lọ, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ látòkèèrè ní oṣù Keje ọdún 2025. Lọ́hùn-ún, ọmọ Màmá ní láti kọ iye omi tí ìyá olóyìnbó mu sílẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n yí i sí. Alábẹ̀wò ìjọba lè já wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé òyìnbó fẹ́ràn ìyá ẹ̀ jù wá lọ. Ojú wọn ti rí nǹkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, nínú òṣìṣẹ́ mẹ́ta nílé ìtọ́jú arúgbó, méjì ló fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àwọn ti ṣe àwọn arúgbó níṣekúṣe láàárín ọdún kan.

Àwa náà lófin. Òfin ìwà ipá inú ilé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2007 ka fífi ebi pani mọ́ ìwà ipá. Òfin àpapọ̀ ọdún 2017 ló sì dá National Senior Citizens Centre, àjọ tó wà fáwọn arúgbó, sílẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lẹni tí kò lè dé ilé ìwẹ̀ ṣe máa dé ọ́fíìsì? Aládùúgbò wo ló sì máa fẹjọ́ ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ sùn?

Ojú ẹlòmíì ló ń gba arúgbó là, pàápàá ojú tí kò kọ̀wé pé òun ń bọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bẹ Màmá wò tẹ́lẹ̀, àmọ́ pálọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí: àdúrà, mọ́ọ̀tì, ó dàbọ̀. Èmi àtàwọn kan nínú wọn wá pín ọjọ́ láàárín ara wa, a sì ń lọ lákòókò ìwẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn. Nígbà tí ọmọ Màmá gbọ́, ó bínú pè mí: "Àǹtí, ṣé ẹ ń sọ pé mi ò tọ́jú ìyá mi ni?" Mo ní kó fi ọ̀nà tó ń gbà ṣe ti ọ̀hún ránṣẹ́ sí wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ níbi iṣẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. A tún ní kó sanwó fún ẹnì kejì, kí ọmọ ọ̀dọ̀ lè máa sinmi ní Sátidé.

Ọmọ ọ̀dọ̀ náà kọ́kọ́ dijú mọ́rí. "Ṣé ẹ rò pé mo ń pa wọ́n ni, mà?" Nígbà tó yá, òun ló ń pe fóònù wa láàárọ̀: "Mọ́mì, ẹ ò tíì dé o. Ta ló máa bá mi dì wọ́n mú?"