Gbogbo Wa La Ni Ọkọ̀, Ta Ni Yóò Ra Bíréèkì?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, irú ọkọ̀ ńlá tí ó ń gba gbogbo ilé, èyí tí Toyota ń ṣe tí wọ́n pè ní Sienna. Kò sí àdúgbò kan láti Bẹẹrẹ títí dé Mọ́lété tí ẹ kò ní rí i. Òun ní ń gbé ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, òun ní ń gbé òkú lọ sí ìlú rẹ̀, òun ní ń gbé èrò lọ sí Èkó, òun náà ní ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí bọ́lẹ̀kájà jẹ́ fún àwọn baba wa ni Sienna jẹ́ fún àwa, àfi pé ìjókòó tiwa ní tìmùtìmù.

Èmi náà ní ọ̀kan, ti ọdún 2005. Ìlú Princeton ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ará ibẹ̀ lò ó tó bí wọ́n ti fẹ́, kí ó tó gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Owó tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́ yá mi, àti èyí tí ìyàwó mi kó jọ nídìí èlùbọ́ tí ó ń tà ní Ọjà'ba, ni a pa pọ̀ tí a fi rà á. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn yóò fi máa yọ owó náà nínú owó oṣù mi. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe olówó ní ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kí ó má ṣe gba ẹnu ẹni tí ń tà á gbọ́ lórí ọdún tí wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà ṣáṣíìsì wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀, lẹ́tà àti òǹkà inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Kí ó kà á láti ọwọ́ òsì dé orí ìkẹwàá. Bí ó bá bá 5 níbẹ̀, ti 2005 ni. Bí ó bá bá 8, ti 2008 ni. Bí ó bá bá lẹ́tà A, ti 2010 ni. Mo mọ ẹnì kan tí ó san owó ọkọ̀ 2008 lé orí ọkọ̀ 2004.

Ní ọjọ́ tí a gbé tiwa dé, kò lè wọ inú agboolé. Ẹ mọ bí ilé ti rí ní Ìbàdàn àtijọ́: ní Bẹ́yẹrúnkà wa níbẹ̀, ilé fi èjìká kan èjìká, ẹsẹ̀ ènìyàn àti ti ewúrẹ́ nìkan ni ọ̀nà àárín wọn gbà. Etí títì ni mo gbé e sí, ibẹ̀ náà ni ó ń sùn títí di òní, mo sì ń fún ọlọ́dẹ ní nǹkan lóṣooṣù. Àwọn àgbà jáde wá bá wa ní títì, wọ́n bu omi tútù sí ẹsẹ̀ táyà, wọ́n gbàdúrà. Àbúrò bàbá mi, ẹni tí ó jẹ́ olórí agboolé wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, gbé ọwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Ọkọ̀ wa kò ní rí ibi.” Gbogbo wa ṣe àmín. Mo bẹ yín, ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà, “ọkọ̀ wa.”

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọkọ̀ wa ní tòótọ́. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, ilẹ̀kùn Tíṣà ni wọn yóò kàn. Bí ìyá ìyàwó ẹnì kan bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, bí ẹnì kan bá ń ti Èkó bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, Tíṣà náà ni. Èyí kò bí mi nínú rárá. Owó agboolé wà nínú owó tí wọ́n fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, n kò sì jẹ́ gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ náà a máa jẹ́ tiwa ní ọjọ́ ìnáwó, a sì máa di tèmi nìkan ní ọjọ́ mẹkáníìkì.

Ọjọ́ mẹkáníìkì sì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì onípulọ́ọ̀gì mẹ́fà ni. Mẹ́ta wà níwájú tí ọwọ́ lè tó, mẹ́ta yòókù fara pamọ́ sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri tí ó pín ẹ́ńjìnnì níyà sí awakọ̀, a ní láti tú nǹkan púpọ̀ kí a tó kàn wọ́n. Nítorí náà ni àwọn mẹkáníìkì kan ṣe máa ń pààrọ̀ mẹ́ta, tí wọn yóò gba owó mẹ́fà. Ní tèmi, mo máa ń gbé àpótí jókòó tì wọ́n, n óò sì ka àlòkù tí wọ́n yọ bí ẹni ń ka ọmọ kíláàsì. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí iná-mànàmáná ń fà lọ fà bọ̀, wáyà irin tín-ín-rín ni ó so ó rọ̀. Nígbà tí wáyà náà ṣán, ilẹ̀kùn há sí ìdajì níwájú ilé-ẹ̀kọ́, òjò sì ń rọ̀. Réwáyà yọ okùn rẹ̀ kúrò, ọwọ́ ni a fi ń fà á báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nípa ti epo, n kò ní sọ púpọ̀. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinúbú ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí iye lítà kan sì fò kọjá 500 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀, olúkúlùkù ti mọ ohun tí ojú òun rí.

Ìyàwó mi a máa fi ọkọ̀ náà kó èlùbọ́ láti Òkè-Ògùn. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá a máa ká wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀, ti àárín ṣeé yọ, àpò púpọ̀ sì ń wọ̀ ọ́. Èyí ni ó mú kí n máa ka ara táyà. Òǹkà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo táyà: bí ó bá jẹ́ 2319, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè dán bí ojú ọmọ tuntun, kí ó sì ti dàgbà ju ọmọ tí ó jókòó lórí rẹ̀ lọ.

Nítorí pé olùkọ́ ni mí, mo ní ìwé fún ọkọ̀ náà bí mo ti ní rẹ́jísítà fún kíláàsì. Láràárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, n óò wo omi inú ike rẹ̀, n óò fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, n óò wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan kán síbẹ̀, n óò sì kọ ọ́ sílẹ̀. (Ìdérí rédíétọ̀ kò ṣeé ṣí nígbà tí ó bá gbóná. Ojú ẹni tí ó bá dán an wò ni yóò sọ ìyókù.) Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ní ọjọ́ Ajé, omi kún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ìka kan lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́rú, ìka méjì. Ilẹ̀ abẹ́ ẹ́ńjìnnì sì gbẹ.

Mẹkáníìkì tí ó súnmọ́ wa ní kí n jẹ́ kí òun yọ thermostat rẹ̀ dànù, kí n sì máa bu omi ẹ̀rọ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ti gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí rí. N kò gbà. Ilẹ̀kùn kékeré ni nǹkan náà jẹ́: ó ń sé ọ̀nà omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó ìwọ̀n 82, nígbà náà ni yóò ṣí i fún omi láti lọ tutù nínú rédíétọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ara ẹ́ńjìnnì kò ní yá bí ó ti yẹ, ọpọlọ tí ń bu epo fún un yóò rò pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó ṣì wà, yóò sì máa bu epo ní àbùjù. Omi ẹ̀rọ ní tirẹ̀ a máa mú irin dípẹtà láti inú wá. Omi tí ń jò kò sì ní tìtorí èyí dẹ́kun jíjò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Láti ìdí gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, títì já wálẹ̀ sí Ọjà'ba bí àkàbà. Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, mo gbọ́ irin tí ń họ irin, mo sì fi ọkọ̀ sí jíà kékeré títí mo fi délé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni àbúrò bàbá mi ránṣẹ́ pè mí. Ilé kún. Òkú àna wa kan ni a fẹ́ sin ní Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ Sátidé.

“Tíṣà,” ni Bàbá wí, “ọkọ̀ wa ni yóò gbé wa lọ. A ò pọ̀, ènìyàn mẹ́tàlá ni wá, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́ta.”

Ènìyàn mẹ́jọ ni ọkọ̀ náà ń gbà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, Bàbá. Ọkọ̀ náà ò lè lọ. Omi ń jò lára rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ sì ti ń jẹ irin.”

“Ṣé kò gbé ọ dé ilé lánàá ni?”

“Ó gbé mi dé, sà.”

“Ìgbà tó gbé ọ dé, kí ló dé tí kò ní gbé wa?”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan dá sí i láti ẹ̀yìn, ó ní owó oṣù ló ń gùn mí. Bàbá kò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn ní, “Níjọ́ tá a bu omi sí i lẹ́sẹ̀, o ò sọ fún wa pé ọkọ̀ rẹ ni.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìyá mi wà níbẹ̀, kò wo ojú mi. Ṣùgbọ́n mo ro gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, mo ro ènìyàn mẹ́tàlá, n kò sì yí ohùn padà. Mo ní n óò san ìdajì owó bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá háyà. Wọ́n gbà á, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀ láyọ̀. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Owó bíréèkì ni mo fi san owó bọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ fi dúró sí etí títì bí ẹrù òkú, tí ìyàwó mi ń fi Míkírà kó èlùbọ́ ní àpò méjì-méjì, tí èrè ọjà sì ń bá owó ọkọ̀ lọ. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó ń ṣírò rẹ̀ sókè kí n lè gbọ́.

Nígbà tí owó oṣù wọlé, mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan wá láti Gate. Kò fọwọ́ kan rédíétọ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni ó wọ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Àwọn páìpù méjì kan gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, wọ́n ti dípẹtà, ara ọ̀kan sì ti lu bí ajere. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: omi gbígbóná ni wọ́n ń gbé lọ sí ẹ̀yìn, kí ara àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ lè móoru nígbà òtútù! Ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa da iyọ̀ sí títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ni ó sì jẹ páìpù náà kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń wá atẹ́gùn tútù kiri, nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò lò rí ni ó ń gbẹ omi ẹ́ńjìnnì mi. Ọmọkùnrin náà gé e kúrò níwájú, ó fi rọ́bà kúkúrú so ẹnu méjèèjì pọ̀, a da ojúlówó omi rédíétọ̀ sí i. Ìwé mi ti dákẹ́ láti ìgbà náà.

Páàdì bíréèkì tí ó yọ kù bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ̀gbẹ́ kan kò kù rárá, irin lásán ni. Mo dì í sínú bébà, mo gbé e lọ fún Bàbá. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtàǹpàkò họ ojú irin náà.

“Èló ni wọ́n ń ta tuntun?”

Mo sọ iye tí mo rà á ní ọjà Ararọ̀mí ní Gate. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ọkọ̀ Tíṣà mà ń jẹun o.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì pè é ní ọkọ̀ wa mọ́ títí di òní. Bí mo bá gbọ́ “ọkọ̀ Tíṣà” báyìí, n kò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àánú.

Ní ìpàdé agboolé tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé agolo mílíìkì kan tí mo lu lójú dìde. Mo ní ìdí jíà ni yóò máa wà, ẹni tí ọkọ̀ bá gbé, kí ó sọ ohun tí agbára rẹ̀ bá ká sínú rẹ̀. Aboyún àti aláìsàn kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn obìnrin ilé gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ọkùnrin ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ rò ó.

Wọ́n ṣì ń rò ó. Bẹ́líìtì táímì ló kàn báyìí. Máìlì 90,000 ni ẹ́ńjìnnì yìí fi ń lo ọ̀kan, máìlì sì ni mo wí o, kì í ṣe kìlómítà. Ẹni tí ó bá já a sí títì, ibẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò sùn. Bébà kékeré kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fi hàn pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 92,000, ọkọ̀ sì ti wọ 177,000. Ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́líìtì kan náà ní ń yí i, nítorí náà èmi yóò pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ọlidé gígùn. Mo tú agolo ní ìparí oṣù tó kọjá. Mo bá 11,200 náírà àti bọ́tìnnì ẹ̀wù kan nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì ti kọ iye owó iṣẹ́ náà fún mi, mo sì ti lẹ bébà rẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo agboolé ń gbà kọjá lọ wẹ̀.