Tẹ oókan, tẹ eéjì: Bí mo ṣe gbé fóònù sétí láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnká

Tó bá jẹ́ pé ẹ wà ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ Túsìdeè ọjọ́sí, tẹ́ ẹ rí ọkùnrin kan tó gbé fóònù sétí, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò rẹ́rìn-ín, tó kàn ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ wàásù, ẹ má wòye jìnnà, èmi ni. Orin ni mo ń gbọ́. Kì í ṣe fújì, kì í ṣe àpàlà, orin dùùrù òyìnbó kan báyìí ni, kò lórí, kò nídìí. Tó bá dún díẹ̀, obìnrin inú ẹ̀rọ á ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, kí n jọ̀ọ́ kí n má pa fóònù. Kò ní í tíì sọ ọ́ tán tí dùùrù á tún fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn awakọ̀ Máíkírà ń pariwo "Mọ́lété! Ọjà'ba!" sí mi létí kejì, wọ́n ní ṣé mò ń lọ ni àbí mi ò lọ. Mo fọwọ́ júwe fún wọn pé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn. Ta ló fẹ́ wọ mọ́tò kí láìnì lọ já?

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́. Ìyá wa pé àádọ́rin ọdún lọ́dún yìí. Àwa ọmọ márààrún pàdé lórí fóònù, a ní ìyá tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ta aṣọ, tí kò ráyè jókòó rí, ó yẹ kó lọ síbì kan kó lọ sinmi. Ilé ìgbafẹ́ kan wà lórí òkè, níbi tí atẹ́gùn ti tutù, tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá èèyàn nínú yàrá. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Manchester dá nínú owó náà, àwọn yòókù dá tiwọn, ó pé ọ̀tàlérúgba ó dín ogún ẹgbẹ̀rún náírà, ìyẹn 240,000, wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀ lé èmi lọ́wọ́, nítorí wọ́n ní èmi ni akọ̀ròyìn, èmi ni mo mọ̀ọ̀yàn bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sanwó, fóònù wọn ò dún lẹ́ẹ̀mejì tí ọmọbìnrin kan fi gbé e. Ohùn ẹ̀ dùn bí oyin. Ó ki mí káàbọ̀, ó ki ìyá mi kú oríire, ó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ kí n tó mí èémí kejì. Mo sanwó. Wọ́n ní ó ti wọlé. Ó tán.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni orúnkún ìyá wa wú. Dókítà ní kó má gun òkè, kó má jókòó pẹ́ nínú mọ́tò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò le rárá: kí wọ́n bá wa sún ọjọ́ síwájú ni. Àmọ́ nọ́ńbà tó wà lórí rísíìtì fún ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, nọ́ńbà míì ni. Tẹ oókan tó o bá fẹ́ gba yàrá. Tẹ eéjì tó o bá fẹ́ ṣe àríyá. Tẹ ẹẹ́ta fún ọ̀rọ̀ tó kù. Èmi lọ̀rọ̀ tó kù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi tẹ ẹẹ́ta.

Ẹ má rò pé owó nìkan ló ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ owó àjọ nínú ẹbí, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi obìnrin ti kọ́kọ́ bi mí tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ilé ìgbafẹ́ yìí wà lóòótọ́?" Lọ́jọ́ kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́ tó fi bi mí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kí gbogbo wa pàdé lágboolé wa ní Bẹyẹrúnká ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, kí n wá ṣàlàyé. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá ṣàlàyé nínú ẹbí, wọ́n ti fẹ́ dá ẹjọ́ ẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù sétí ní Bẹẹrẹ láago kan ọ̀sán.

Láti Bẹẹrẹ, mo gbọ̀nà Màpó. Ẹni tó bá mọ òkè náà mọ̀ pé kò sí bó o ṣe lè gùn ún tí o kò ní mí hẹlẹ. Gbọ̀ngàn Màpó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ràgàjì ràgàjì ẹ̀, bó ṣe jókòó látọdún 1929 tí wọ́n ti ṣí i. Òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Robert Jones, tí wọ́n tún ń pè ní Taffy, ló kọ́ ọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé Ọlúbàdàn mẹ́ta gorí àpèrè láàárín ọdún 2022 sí 2025. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo kọjú sí ìsàlẹ̀. Páànù tó ti dípẹtà ló lọ súà, pupa rẹ́súrẹ́sú, òrùlé ń gun òrùlé, tó fi jẹ́ pé èèyàn ò lè mọ ibi tí agboolé kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo òrùlé yẹn, tó o bá dúró lójúde èyíkéyìí, tó o ní "Ẹ ǹlẹ́ o, onílé!", ẹnì kan á dá ẹ lóhùn. Ó lè jẹ́ ọmọdé ló máa dá ẹ lóhùn, ó lè jẹ́ pé wọ́n á ní bàbá ò sí nílé. Ṣùgbọ́n wọn ò ní fi dùùrù dá ẹ lóhùn.

Àfi bí dùùrù ṣe dákẹ́ lójijì! Ọkùnrin kan gbé e. Mo dìde dúró gan-an ni. Ó bèèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó bèèrè nọ́ńbà rísíìtì, mo kà á. Ó bèèrè ọjọ́ tí mo sanwó, mo sọ ọ́. Mo ṣàlàyé orúnkún ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní àwọn tó ń rí sí owó ni ọ̀rọ̀ náà kàn, òun máa gbé mi fún wọn. Obìnrin kan gbé e. Ó bèèrè orúkọ mi. Ó bèèrè nọ́ńbà rísíìtì. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúnkún. Mo dé ibi tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ni láìnì já.

Mo rántí bàbá mi tó ti di olóògbé. Láyé NITEL, iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, ẹni tó ní fóònù nílé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fojú di. Èèyàn á kọ̀wé béèrè fún un, á máa retí. Ẹni tí kò ní á lọ tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń sanwó pe èèyàn. Lóṣù kẹjọ ọdún 2001 tí GSM dé, àádọ́ta náírà ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, tó o bá lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, odindi ìṣẹ́jú lo máa san. Nígbà tí Globacom dé lọ́dún 2003 ni sísan owó ní ìṣẹ́jú àáyá tó wọ́pọ̀. Nígbà náà, ohun tí kò sí ni fóònù. Lónìí, fóònù wà lápò oníkálùkù, èèyàn tó máa gbé e ni wọn ò rí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba. Ọjà Lábòsíndé ni wọ́n ń pè é látijọ́, kó tó di Ọjà Ìbà nítorí Ìbà Olúyọ̀lé. Ojúbọ ìlú Ìbàdàn nìyẹn tá a bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta èlùbọ́, oníbàárà màmá mi ni tipẹ́tipẹ́. Ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi. Mo ṣì ń mu omi lọ́wọ́ ni fóònù tiẹ̀ dún, fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e lójú ẹsẹ̀. Oníbàárà kan láti Èkó ló ń pariwo nínú ẹ̀, èmi gan-an ń gbọ́ ọ, ó ní èlùbọ́ tí wọ́n gbé fóun bu. Ìyá ò jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó mi. Ẹ fún onímọ́tò kó gbé e padà fún mi, màá fi òmíràn rán an lọ́la. Òjò ló bà á jẹ́." Ó pa fóònù, ó fi ìjókòó ẹ̀ sílẹ̀, ó lọ yẹ àpò tó kù wò. Kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì.

Mo bi í pé ṣé owó yẹn ò dùn ún ni. Ó wò mí bí ẹni tí ò gbọ́n. Ó ní, "Tí mi ò bá gbé e ńkọ́? Ẹlòmíì á gbé tiẹ̀ ní ọ̀la." Ó wá rán mi létí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n nítorí pé wọ́n ń pààrọ̀ náírà, tí gbogbo ọjà di tírànsífà. Ó ní èèyàn á rà, á fi fóònù sanwó, álẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé, òun á pe báńkì, báńkì ò ní gbé e. Ó ní ohun tó yọ òun ni pé òun ti mọ àwọn oníbàárà òun lórúkọ, òun sì kọ orúkọ sílẹ̀. Àwọn tí owó wọn padà sọ́dọ̀ wọn ló mú un wá fún òun lọ́wọ́.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tó mú mi dákẹ́: "Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹ, kí lorúkọ ẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Èmi akọ̀ròyìn, tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa bèèrè orúkọ èèyàn, mo kó 240,000 náírà fún ohùn dídùn, mi ò bèèrè orúkọ. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pe nọ́ńbà tí wọ́n fi gbowó. Ìyẹn ni wọ́n máa gbé."

Ẹ̀yin èèyàn wa, kò dún lẹ́ẹ̀mejì! Ohùn oyin náà ló gbé e. Mo ní kó tó sọ ohunkóhun, kó dákun sọ orúkọ ẹ̀ fún mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, mi ò sọ ọ̀rọ̀ dókítà rárá. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ òun, àmọ́ òun máa fẹsẹ̀ òun rìn lọ sí yàrá máníjà, òun á pè mí padà kí aago márùn-ún tó lù. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́.

Ní Bẹyẹrúnká, gbogbo wọn ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Manchester wà lórí fídíò, wọ́n fi fóònù ẹ̀ ti agolo mílíìkì. Mo gbé rísíìtì jáde, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní rísíìtì kì í ṣòro ṣe. Ara mi gbóná. Mo tẹ nọ́ńbà ẹ̀dùn ọkàn, mo tẹ ẹẹ́ta, mo fi í sí sípíkà, mo gbé e sáàárín wọn. Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, dùùrù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìpè wa ṣe pàtàkì sí wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá wa tó na ẹsẹ̀ lórí ẹní ló kọ́kọ́ lanu: "Orin kí ni wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún? Ṣé wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí mi láìsí mi ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n Manchester fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àga. Àbúrò mi obìnrin ló sún mọ́ mi tó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o." Ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ mẹ́rin àlàyé ò lè ṣe, dùùrù òyìnbó bá mi ṣe é.

Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, fóònù mi dún. Ọmọbìnrin yẹn ni. Ó ní máníjà ti gbà, wọ́n ti sún un sí ẹ̀yìn òjò, ìwé ẹ̀ ń bọ̀ lórí fóònù mi. Ìyá wa ní kí n gbé fóònù fóun. Ó bi í pé ọmọ ibo ni, ó bi í pé ìyá ẹ̀ ńkọ́, ó ṣàdúrà fún un títí kírẹ́díìtì ọmọ náà fi fẹ́ẹ̀ tán.

Ẹni tó bá bá ara ẹ̀ nínú irú ẹ̀, ẹ bèèrè orúkọ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà fún èèyàn láṣẹ láti fagi lé àyè tó ti gbà sílẹ̀, iye tó bá bọ́gbọ́n mu nìkan ni ẹni tó gbowó lè yọ níbẹ̀. Àjọ FCCPC lẹ máa gbé ẹjọ́ irú ẹ̀ lọ bá. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ fóònù ló ń yọ yín lẹ́nu, 300 ni nọ́ńbà kan náà tí gbogbo wọn ń lò látọdún 2023 fún ẹni tó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, 622 ni ti àjọ NCC tó ń ṣàkóso wọn.

Orúnkún ìyá wa ti ń fà díẹ̀díẹ̀. Ó ti lọ sí Ọjà'ba lẹ́ẹ̀kan, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Wọ́n ní kò ra nǹkan kan, wọ́n kàn jọ ń rẹ́rìn-ín mi ni.