Ibú Odò Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ní ọdún 1968, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ń gbé, ní abúlé kan lẹ́bàá odò Òfíkì, èyí tí ń ṣàn lọ bá odò Ògùn. Ẹja yíyan ni òwò rẹ̀, láti inú òwò yìí ni ó sì ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ girama fún mi.

Ẹni tí ó bá rí odò wa ní oṣù kẹsàn-án kò lè gbà pé òun kan náà ni ó ń wò ní oṣù kejì. Ní ìgbà òjò, odò a kún bo bèbè, a sì tẹ́ lọ sínú koríko. Nígbà náà, ilẹ̀ ni ó ń bọ́ ẹja. Èsúnsún, èèrà, ekòló, èso igi àti irúgbìn koríko ni wọ́n ń jẹ, wọn a sì sanra. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, omi a fà, odò a gé sí wẹ́wẹ́, a sì ku ibú díẹ̀ láàárín àpáta àti yanrìn. Ohun tí ó bá wà nínú ibú náà ni gbogbo wọn yóò máa pín. Epìà ń họ ohun tútù tí ń yọ̀ lára òkúta jẹ. Tanwíjí ń jẹ ohun kíkíní inú omi. Ọmọ lámilámi, tí ń gbé inú omi kí ó tó hu ìyẹ́, ń jẹ tanwíjí. Ẹja kékeré sì ń jẹ àwọn méjèèjì. Ní ti àrọ̀, kò kọ ohunkóhun, ìbáà ṣe ààyè tàbí òkú. Lẹ́yìn náà ni awọ́nríwọ́n àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yóò wá gba ìpín tiwọn. Ọ̀pọ̀ ẹja ni ebi ń pa ní àkókò yìí. Ọ̀rá tí wọ́n kó jọ nígbà òjò ni ó ń gbé ẹ̀mí wọn ró títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi dé.

Ní oṣù kejì ọdún náà, ẹ̀gbọ́n mi kan ti oko kòkó bọ̀, ó sì mú agolo oògùn tí a fi ń fín kòkó lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ òwúrọ̀ kan yóò fún wa ní ẹja ju ti oṣù kan lọ. A dà á sínú ibú. Kò pẹ́ tí ẹja fi ń léfòó, inú wọn funfun lójú oòrùn. Agbọ̀n mẹ́ta ni a kó. Èyí tí kò ju èékánná lọ, a kò tilẹ̀ ṣà á. Àní tanwíjí pàápàá kò mira mọ́.

Ìyá àgbà wo agbọ̀n wọ̀nyí, kò sì dá iná.

Ó bi wá pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mélòó ni ẹ ṣẹ́ kù sínú ibú?”

Mo dáhùn pé, “Ìyá àgbà, a kò ṣẹ́ ọ̀kan kù.”

Ó ní, “Ó dára. Ẹ ti se èbù jẹ. Bí òjò bá dé, èwo ni yóò wọ inú koríko lọ yé ẹyin?”

Ó ní kí a gbẹ́ kòtò, kí a sì sin gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ májèlé.

Òjò dé, odò kún, ṣùgbọ́n ewé ni àwọ̀n wa ń kó jáde. Nígbà tí àkókò owó ilé-ẹ̀kọ́ tó, ààrò ìyá àgbà ti tutù. Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó sílé. Ìyá àgbà kò bá mi wí mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ dùn mí ju pàṣán lọ. Ó tó òjò mẹ́ta kí ẹja tó ti àwọn ibú mìíràn padà wá bá wa.

Títí di òní, àwọn kan ṣì ń da oògùn oko sínú odò. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé ibú kékeré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe àjẹkù odò. Àká ni: nínú rẹ̀ ni èbù ọdún tí ń bọ̀ wà.