Ọmọ Lèrè Ayé, Ìyá Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Àwọn kan náà ni wọ́n sì pe ọmọ ní èrè ayé. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni tọkọtaya kan bá ara wọn ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé.

Ọmọ 5 ni wọ́n bí. Nígbà ìbí ìkarùn-ún, ẹ̀jẹ̀ ya lára ìyàwó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ọkọ ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ni n ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà."

Ìyá ọkọ figbe ta: "Wọ́n fẹ́ tẹ ọmọ mi lọ́dàá! Bí aburú bá ṣe àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Bí ìyá wọn bá kú, ta ni yóò tọ́ àwọn tí ó wà nílẹ̀?"

Ẹ̀rù ìyá kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí ohun tí a bá gé báyìí ṣòro láti so padà. Ṣùgbọ́n títẹ̀ lọ́dàá kọ́ ni. Ọ̀nà tí irúgbìn ń gbà nìkan ni dókítà ń gé. Agbára ọkùnrin kò yẹ̀. Fún nǹkan bí oṣù 3, ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí mìíràn ni tọkọtaya yóò máa lò, títí àyẹ̀wò yóò fi fi hàn pé irúgbìn ti tán.

Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ gba obìnrin níyànjú pé kí ọmọ má ju 4 lọ. Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé abilékọ tí ó ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kò tó 1 nínú 100.

Ọmọ lèrè ayé lóòótọ́. Ìyá tí ó bá yè ni yóò jẹ èrè náà.