Máàpù Kípírù: Ẹ Wo Ọdún Tó Wà Lára Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún wa, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń wá ilé-ìwé lókè òkun.

Àwọn tó bá ti wọ ọ́fíìsì wa rí á ti rí máàpù kan tí a fi gíláàsì bò lára ògiri. Cyprus ni, erékùṣù tí Bíbélì Yorùbá wa ń pè ní Kípírù. Ojú-ewé kan ṣoṣo ni, láti inú ìwé máàpù ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àárín àwọn ọdún 1950. Arákùnrin kan nínú ìjọ tó ń gbé ní London ló rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, ló bá rà á fún wa, torí ó mọ̀ pé a fẹ́ràn ìrìn-àjò àwọn Àpọ́sítélì. Àwọn èèyàn máa ń bi wá pé, "Dádì, kí lẹ fẹ́ fi bébà àtijọ́ yìí ṣe, nígbà tí Google Maps wà lórí fóònù?" Ìdáhùn wa rèé.

Èkíní, ó rẹwà. Ẹ wo bí erékùṣù náà ṣe rí: bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ tí wọ́n sá sóòrùn, tí ìrù rẹ̀ ṣì nà jáde lápá ìlà oòrùn àríwá. Ìrù yẹn ni wọ́n ń pè ní Karpas, Síríà ló kọjú sí. Omi òkun tó yí i ká kì í ṣe búlúù kan náà. Létí bèbè, ó mọ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bí òkun bá ṣe ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń ki sí i, títí á fi dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró léraléra. Lórí ilẹ̀, ibi tó rẹlẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ibi tó ga díẹ̀ ní àwọ̀ iyanrìn, orí òkè sì ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Òkè Troodos ló pọ́n jù láàárín, ṣónṣó rẹ̀ ga tó 1,952 mítà, yìnyín sì máa ń bọ́ síbẹ̀ nígbà òtútù. Lókè lọ́hùn-ún, létí òkun àríwá, òkè tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn nà gbọọrọ bí ọgbà tí wọ́n fi ká ilé.

Orúkọ àwọn ìlú náà ní iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn. Ìlú ńlá, lẹ́tà ńlá. Abúlé, lẹ́tà wínníwínní. Orúkọ òkè tẹ̀ kọrọdọ tẹ̀ lé bí òkè ṣe nà. Orúkọ omi fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́. Kò sí orúkọ kan tó gorí òmíràn. Ẹni tó ṣe é ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn.

Láyé ọjọ́un, kí irú máàpù báyìí tó dórí bébà, orí páànù bàbà ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ fín in. Oníṣẹ́ ọnà á mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, á máa fín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lódì, láti ọ̀tún sí òsì, kó lè jáde ní títọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbìyànjú àtikọ orúkọ ara yín lódì kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ kékeré ni! Èyí tó tún ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé bàbà gan-an, ara orúkọ Cyprus ni àwọn ará Róòmù ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Erékùṣù tó fún bàbà lórúkọ, bàbà náà ló wá gbé àwòrán rẹ̀ kiri ayé.

Ọ̀nà kíkùn yẹn, tí àwọ̀ ń yí padà bí ilẹ̀ ṣe ń ga, ilé-iṣẹ́ ìdílé Bartholomew ní Edinburgh ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Láti 1826 ni wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ máàpù, John George Bartholomew tó kú ní 1920 ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́, àwọn ló sì ya máàpù ìwé ńlá Times Atlas alápá márùn-ún tó jáde láàárín 1955 sí 1959.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kùn ún, ẹnìkan ti fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso Cyprus lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì ní 1878, ọ̀dọ́ ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Herbert Kitchener ni wọ́n rán láti wọn ilẹ̀ náà. Òun náà ni Lọ́ọ̀dù Kitchener tí ayé wá mọ̀ nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí di 1882. Ní 1885 ni wọ́n tẹ máàpù rẹ̀ jáde ní London. Torí náà, bí ẹ bá rí máàpù tó dáa, ẹsẹ̀ èèyàn lẹ ń wò.

Èkejì, máàpù yìí kọ́ wa láti má fi ojú lásán kàwé. Ọ̀pọ̀ tó bá wọlé máa ń nawọ́ sí àárín erékùṣù náà, ibi tó ní àwọ̀ ewé, wọ́n á ní, "Ẹ wo bí igbó ṣe kún!" Rárá o. Àwọ̀ ewé yẹn kò sọ pé igbó wà níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Mesaoria nìyẹn, èyí tó túmọ̀ sí àárín òkè méjì ní èdè Gíríìkì. Oko ọkà ló pọ̀ níbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì rèé, gbígbẹ ló máa ń gbẹ fúrúfúrú. Igbó gidi, igi páìnì, orí òkè Troodos ló wà, níbi tí máàpù kùn ní pupa! Máàpù kò parọ́. Àwa tí a kò ka àlàyé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ la ṣì í kà.

Èkẹta, ọ̀rọ̀ Bíbélì ń hàn kedere lórí rẹ̀. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4, ẹ ó rí Bánábà, ọmọ Léfì tí wọ́n bí ní Kípírù, ẹni tó ta ilẹ̀ tó sì gbé owó rẹ̀ wá síwájú àwọn Àpọ́sítélì. Ẹ lọ sí orí 13. Nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ rán òun àti Sọ́ọ̀lù jáde, ibo ni wọ́n kọ́kọ́ lọ? Ilé Bánábà ni! Wọ́n gúnlẹ̀ sí Salamis lápá ìlà oòrùn, wọ́n la erékùṣù náà já dé Paphos lápá ìwọ̀ oòrùn, ìrìn tó lé ní 150 kìlómítà. Ní Paphos ni gómìnà Sergius Paulus ti gbàgbọ́, ibẹ̀ náà sì ni Ìwé Mímọ́ ti kọ́kọ́ pe Sọ́ọ̀lù ní Pọ́ọ̀lù. Bí a bá fi ìka tọ ọ̀nà yẹn lórí máàpù ọ́fíìsì wa, láti Salamis dé Paphos, kò sí ohun tó dá ìka dúró. Ẹyọ ilẹ̀ kan ṣoṣo ni.

Ibí lọ̀rọ̀ wà o, ẹ̀yin ará. Ìka ò dúró lórí máàpù 1950s. Ẹsẹ̀ yóò dúró lónìí.

Cyprus gba òmìnira ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1960, oṣù kan àti ààbọ̀ ṣáájú Nàìjíríà tiwa. Àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì àti àwọn tó ń sọ èdè Tọ́kì ló jọ ń gbé ibẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ abúlé wọ́n jọ ń pọnmi ni. Kò ju ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ lọ tí ìjà fi bẹ́ láàárín wọn. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1963, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Young, tẹ́ máàpù ìlú Nicosia síwájú, ó mú pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé, ó fa ìlà kan, kí àwọn tó ń jà má bàa kọjá síra wọn. Nítorí àwọ̀ pẹ́ńsù yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìlà Aláwọ̀ Ewé títí dòní. Ní oṣù kẹta 1964, àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dé láti máa ṣọ́ àlàáfíà. Títí di ìsinsìnyí, wọn ò tíì kúrò.

Ní oṣù keje 1974, lẹ́yìn tí àwọn kan tí ìjọba ológun Gíríìkì wà lẹ́yìn wọn fipá gbàjọba, ọmọ ogun Tọ́kì wọ erékùṣù náà láti àríwá. Ìlà inú ìlú Nicosia wá di ìlà tó gba gbogbo ilẹ̀ já, bíi 180 kìlómítà. Àwọn Gíríìkì tó lé ní 150,000 sá lọ sí gúúsù, ọ̀kẹ́ méjì Tọ́kì ó lé sì kó lọ sí àríwá. Pápákọ̀ òfurufú Nicosia ti pa láti ọdún náà. Salamis bọ́ sí apá kan, Paphos bọ́ sí apá kejì. Láti 2003 ni wọ́n ti ṣí ojú ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé, lójú àwọn aṣọ́bodè. Ọ̀nà tí Bánábà rìn ti di ọ̀nà tí wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn.

Kí ló wá kan àwa? Ó kàn wá gan-an. Lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan nínú ìjọ mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá pé ká gbàdúrà lé lẹ́tà ilé-ìwé tí ejẹ́ǹtì fún un lórí. Ó ní, "Dádì, Yúróòpù ni o! Cyprus ni!" Ó ti ta ilẹ̀ kan láti fi san owó náà. A wo lẹ́tà, ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Girne. Ọmọ náà dìde lọ síbi máàpù, ó wá a títí, kò rí i. Kò lè rí i. Kyrenia ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lórí máàpù àtijọ́. Girne ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Tọ́kì, àríwá ìlà ló wà. Bákan náà ni Famagusta ṣe di Gazimağusa, tí Nicosia sì ń jẹ́ Lefkoşa lápá ibẹ̀.

Ìyá yìí dákẹ́. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe Cyprus náà ni, sà?" A ní Cyprus ni, mọ́mì. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tí bébà yìí kò mọ̀, torí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fà á. Gúúsù ni orílẹ̀-èdè tó wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004, owó euro ni wọ́n sì ń ná láti 2008. Àríwá pe ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ní 1983, Tọ́kì nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Nàìjíríà kò ní ilé aṣojú níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ wa yé. A ò sọ pé kò sí ilé-ìwé ní àríwá. Yunifásítì wà níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ti kẹ́kọ̀ọ́ yege, wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Ohun tí a ń sọ ni pé kí òbí mọ ibi tó ń rán ọmọ rẹ̀ lọ kó tó ta ilẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, a kò sọ fún ìyá náà pé kó lọ tàbí kó má lọ. Ìbéèrè mélòó kan la kọ fún un lórí bébà:

Ṣé gúúsù ìlà ni ilé-ìwé yìí wà, àbí àríwá? Pápákọ̀ wo lọmọ yóò bọ́ sí? Larnaca àti Paphos, gúúsù ni. Ercan, àríwá ni, ó sì di dandan kí bàlúù gba Tọ́kì kọjá. Ìjọba gúúsù kò sì ka ẹni tó gba Ercan wọlé sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà tó tọ́. Ta ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wọn, ṣé ibi tí ọmọ fẹ́ lò ó lọ́la á gbà á? Bí wàhálà bá dé, ta ni ó sáré bá? Owó ọdún kejì ńkọ́, ibo ló ti ń bọ̀?

Ìyá náà gbé ìbéèrè wọ̀nyẹn lọ bá ejẹ́ǹtì. Òun àti ọmọ rẹ̀ ṣì ń rò ó títí di òní, owó ilẹ̀ ṣì wà ní báńkì. Lójú tiwa, àdúrà tó gbà nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, Olúwa fún wa ní Ẹ̀mí Mímọ́, ó sì fún wa ní ojú láti fi kàwé. Bánábà gan-an, ibi tó mọ̀ tinútẹ̀yìn ló mú Sọ́ọ̀lù lọ. Ìgbàgbọ́ kò ní kí ẹ má béèrè ọ̀nà. Máàpù ara ògiri wa dára, òtítọ́ ló sì sọ fún ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kódà, ó ṣì fi ọkọ̀ ojúurin tó ń lọ láti Famagusta sí Nicosia hàn wá, bẹ́ẹ̀ 1951 ni èyí tó rìn kẹ́yìn rìn. Torí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ì báà jẹ́ máàpù, ì báà jẹ́ lẹ́tà, ì báà jẹ́ fọ́tò ilé-ìwé tó ń dán lórí fóònù, ẹ gbádùn ẹwà rẹ̀, ẹ wá wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Ẹ ka àlàyé tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ bá wa gbàdúrà fún erékùṣù náà pẹ̀lú. Àwọn arúgbó wà níbẹ̀, lápá méjèèjì, tí wọ́n ṣì ń rántí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 1974. Kí Ọlọ́run àlàáfíà ṣí ọ̀nà láti Salamis dé Paphos padà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti wà níbẹ̀, gúúsù tàbí àríwá, ẹ sọ ìrírí yín fún wa nísàlẹ̀, ẹlòmíràn á rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí tó ń múra àtirán ọmọ lọ. Olúwa yóò tọ́ ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ wa, wọn ò ní ṣìnà lórí ilẹ̀ àjèjì, owó tí a fi òógùn kó jọ ò ní ṣòfò. Ní orúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ Àmín yín.